Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀rọ̀ ìlú ni a sábà máa ń fi òwe yìí tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ilé mi ní Festac, òwe náà gba ọ̀nà mìíràn yọ sí mi. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní yunifásítì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ó wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó gba omi mu, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti ẹbí. Mo kíyè sí i pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi tí a wà. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó fa àpò ìwé kékeré kan tí ó ti lẹ̀ pa yọ láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi tọ́jú èyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà yòókù yóò wà lọ́wọ́ màmá mi ní Ìlaròó. Bí ohunkóhun bá ṣe mí, kí ẹ̀yin àti màmá pàdé, kí ẹ to ọ̀rọ̀ méjèèjìlá pọ̀. Gbogbo ohun tí mo ní láyé ni ó wà níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá àrokò ni ó fẹ́ máa pa sí mi ní ìgbà àgbà mi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé àwọn ará òkè òkun ni òun ń bá ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, pé Bitcoin ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ fún òun, àti pé kò sí báńkì kankan tí owó náà wà. Ní oṣù tí ó ṣáájú, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó wọ̀ dojú dé ní Mile 2. Ó ní bí òun ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ òun tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni òun ń rò. Ohun tí òun ń rò ni pé bí òun bá kú síbẹ̀, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí yóò mọ ọ̀nà dé ìdí owó náà títí láé.

N kò gba àpò ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí n ronú sí i. Àròkọ yìí ni èso ìrònú náà. Ìbéèrè tí mo bi ara mi ni pé, láti ayébáyé, báwo ni àwa ọmọ Yorùbá ti ń pa owó mọ́, ọwọ́ ta ni a sì ń fi kọ́kọ́rọ́ sí? Ó dá mi lójú pé ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà kò ní ka owó tuntun yìí sí àjèjì pátápátá, kò sì ní tún àṣìṣe tí àwọn baba rẹ̀ ti ṣe rí ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí mo jókòó lé. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé nítorí àjọ̀dún kan ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ ìlú Festac sí ilẹ̀ Àwórì ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin. Àjọ̀dún náà ni àjọ̀dún kejì àgbáyé ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àti ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ilé tí àwọn àlejò yóò dé sí ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí àlejò lọ ni wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú, tí òpópónà wọn sì ń jẹ́ nọ́ńbà dípò orúkọ ènìyàn.

Àmì àjọ̀dún náà ni ère ojú Ìyọba Idia, ìyá Ọba Ẹsigie ti ìlú Benin. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó Benin ní ọdún 1897, wọ́n kó ère náà lọ, ó sì bọ́ sí inú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àjọ̀dún ń bọ̀, Nàìjíríà ní kí wọ́n yá òun ní ère náà, wọn kò yá a. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Benin ni ó gbẹ́ òmíràn, èyí sì ni a lò. Òwe wa béèrè pé olè tí ó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ìtàn Festac fi yé wa pé olè tí ó bá lágbára tó yóò fọn ọ́n ní gbangba, yóò sì ké sí aráyé kí wọ́n wá gbọ́. Gbogbo ayé ni ó mọ ẹni tí ó ni ère náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó ni í kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìlú tí mò ń gbé ń jẹ́ orúkọ àjọ̀dún tí a fi àwòrán ohun tí ó wà nínú àpótí ẹlòmíràn ṣe àmì rẹ̀. Láti kékeré ni ẹ̀kọ́ yìí ti wà lójú wa: ohun kan ni kí a ni nǹkan, ohun mìíràn ni kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ owó. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni à ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ó ń jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹrù gidi ni ọ̀kẹ́ kan lórí ènìyàn. Ìwúwo owó náà jẹ́ ààbò fún un, nítorí olè kò lè gbé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sá lọ lóru kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó owó onírin àti owó bébà dé, tí wọ́n sì ka kíkó ẹyọ wọ ìlú léèwọ̀ ní ọdún 1904, owó fúyẹ́. Bí owó ti fúyẹ́ ni ó rọrùn láti jí. Ọ̀pọ̀ àgbà sì ṣe ohun tí àwọn baba wọn ti ń ṣe: wọ́n ri owó mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà ni, oníṣòwò obì ni. Ó kú kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ilé mọ̀ pé ó ní owó, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí owó wà, nítorí kò fọkàn tán aya, kò fọkàn tán ọmọ. Mo wà ní kékeré nígbà tí wọ́n ń tún ilé àtijọ́ náà ṣe, tí ọkọ́ alágbàṣe kan fi kan ìkòkò nínú yàrá rẹ̀. Owó bébà pọ́n-ùn ni ó wà nínú rẹ̀, ikán sì ti jẹ apá púpọ̀. Èyí tí ikán kò jẹ ni ìjọba ti jẹ, nítorí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà ti fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan, àkókò pípààrọ̀ sì ti kọjá. Àwọn obìnrin ilé sunkún ní ọjọ́ náà ju bí wọ́n ti sunkún lọ ní ọjọ́ tí bàbá kú. Odi tí kò jẹ́ kí olè wọlé ni kò jẹ́ kí ọmọ wọlé. Ẹ fi ìkòkò yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún yọ sí wa níwájú.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó dá owó rì mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ọwọ́ ènìyàn ni owó ti ń ní ààbò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé èésú tàbí èsúsú, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń dá owó jọ, tí wọ́n sì ń kó o fún ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹrú kó àṣà náà dé erékùṣù Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu títí di òní olónìí. Alájọ ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń gba owó ojoojúmọ́ pamọ́ fún àwọn ọlọ́jà. Gbogbo wa ni a gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú, tí ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ní orí ara rẹ̀ ni ìwé ìṣirò rẹ̀. Ohun tí ó mú un dúró ni pé ó ń dá owó padà. Bí orí bá jẹ́ àpótí, ìwà ni àgádágodo rẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí bàbá mi wà ní tiwọn ní àpótí onígi kan tí ó ní àgádágodo mẹ́ta. Ilé akápò ni àpótí ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ alága, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá àpótí ṣí. Bàbá mi fẹ́ràn ètò náà púpọ̀, títí di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ kú, tí wọ́n fẹ́ mú owó ìsìnkú, tí akọ̀wé sì ti lọ sí Kútọnu pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Káfíńtà ni ó wá tú ìdè àpótí náà láti ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ètò ààbò lè le jù fún ẹni tí ó ṣe é.

Báńkì ní tirẹ̀ mú ìtura mìíràn wá. Ó dé Èkó ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní ọdún 1933. Ìtura náà ni pé bí ìwé owó rẹ bá sọnù, wọn yóò kọ òmíràn fún ọ. Bí o bá kú, àwọn ọmọ rẹ lè gba ìwé ilé ẹjọ́, kí wọ́n sì gba owó. Ohun tí a fi san án ni pé kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tí ó ní owó níbẹ̀ kọ́ ìtumọ̀ òwe tí ó ní ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù: ẹni tí ó ni báńkì ni ó ni ìlẹ̀kùn.

Ibi yìí ni Festac ti tún wọ inú ìtàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí a wà yìí, nígbà tí ilé íntánẹ́ẹ̀tì gba ìgboro, àdúgbò wa wà lára àwọn tí orúkọ wọn dé òkè òkun nítorí gbájú-ẹ̀. Ìjọba dá àjọ EFCC sílẹ̀ ní ọdún 2003, òfin ọdún 2006 sì de àwọn ilé íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n máa forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì mọ àwọn oníbàárà wọn. Ìwà àwọn díẹ̀ di ẹrù gbogbo ilé. Àwọn ilé iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ kan ní òkè òkun ti ìlẹ̀kùn mọ́ Nàìjíríà, ọmọ tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò sì rí ọ̀nà gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ di owó tuntun mú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn sí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS, tí báńkì kò gba owó fún ẹgbẹ́ Feminist Coalition mọ́, Bitcoin ni wọ́n fi ń gba ìdáwó. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ kọ ìwé sí àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò owó náà. Àwọn ènìyàn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, ẹnìkan sí ẹnìkejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ kan náà tú ìdè náà, òfin tuntun ti ọdún 2025 lórí òwò ìdókòwò sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ àkóso ìjọba.

Kí wá ni owó náà, báwo ni a sì ṣe ń tì í? Ọmọ mi náà ni ó jókòó tì mí, tí ó ṣàlàyé títí ó fi yé mi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé kan jáde. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2009, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìṣirò kan ni ó wà nídìí rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ohun tí wọ́n ń pè ní wọ́lẹ́ẹ̀tì kò ní owó nínú rárá. Kọ́kọ́rọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Owó wà nínú ìwé ìṣirò tí gbogbo ayé ń wò. Ẹ rántí kóló tí a ń fi kọ́ ọmọdé ní ìfowópamọ́. Ó ní ihò kan lórí, ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá lè sọ kọ́bọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò lè ti ibẹ̀ mú un jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó yìí. Nọ́ńbà kan wà tí o lè fi han gbogbo ayé kí wọ́n fi sanwó fún ọ. Ihò kóló nìyẹn. Nọ́ńbà kejì ni ó ń ṣí ìdí kóló. Àṣírí nìyẹn, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ni olówó. Ìwé ìṣirò náà kì í béèrè orúkọ baba rẹ.

Nítorí pé nọ́ńbà àṣírí náà gùn jù fún ọpọlọ ènìyàn, àwọn onímọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2013 tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún. Inú àkójọ ọ̀rọ̀ 2,048 ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n, ìtòtẹ̀léra wọn kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Iye ọ̀nà tí a lè gbà to méjìlá náà pọ̀ ju nọ́ńbà tí ó ní òdo ọgbọ̀n lẹ́yìn lọ; kò sí olè tí ó lè fi àfẹnusọ rí i. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ lásán ni kọ́kọ́rọ́, ara mi yá gágá, nítorí iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀. Mo béèrè èdè tí àkójọ náà wà. Ó ní ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sípéènì, Potogí, Ítálì, Ṣẹ́ẹ̀kì, Ṣáínà, Jàpáànù àti Kòríà. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ìyá tí ó wà ní Ìlaròó, tí Yorùbá nìkan ni ó lè kà, yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí kò lè pè. Bí ọ̀rọ̀ kan bá pa rẹ́ lórí ìwé, kò ní mọ ohun tí ó sọnù. Àwọn baba wa pa àrokò fún ẹni tí ó lè tú u: ẹyọ mẹ́fà ní kí ọkàn ẹni fà sí ẹni, ẹyọ mẹ́jọ ní kí ọ̀rọ̀ wa jọ. Àrokò tí a pa sí ẹni tí kò lè tú u ti di ìdọ̀tí.

Báwo ni ọwọ́ olè ṣe ń tó kọ́kọ́rọ́ tí ó lágbára báyìí? Ọ̀nà ẹnu ni. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnìkan yóò pè, yóò ní láti ilé iṣẹ́ ni òun ti ń pè, pé ewu ń bọ̀, kí o tètè ka ọ̀rọ̀ méjìlá rẹ fún òun. Kò sí òṣìṣẹ́ tòótọ́ kan tí ó nílò wọn. Àwọn mìíràn ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, fóònù sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí ibi tí ẹlòmíràn lè ká a mọ́. Àwọn kan fi nọ́ńbà fóònù nìkan ṣe ìlẹ̀kùn, olè bá lọ gba káàdì SIM tuntun ní orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá ń kọjá ní Mile 2 nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé a lè já fóònù gbà lójú fèrèsé. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn fi ń ṣe bí àwọn ìyá ọlọ́jà wa ti ń ṣe. Owó tí ìyá yóò ná ní ọjà ni ó wà nínú tòbí rẹ̀. Owó ńlá wà nílé nínú àpótí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí ó wà nínú fóònù. Èyí tí ó pọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí kì í kan íntánẹ́ẹ̀tì ni ó yẹ kí ó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, kí a sì fi kálámù kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí bébà, tàbí kí a gbẹ́ wọn sára irin tí iná kò lè jẹ.

Àwọn tí kò fẹ́ wàhálà yìí gbé kọ́kọ́rọ́ fún àwọn ilé pàṣípààrọ̀, bí ìgbà tí a ń gbé owó lọ sí báńkì. Mt. Gox ní Tokyo ṣubú ní oṣù kejì ọdún 2014, FTX ṣubú ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ní ilẹ̀ tiwa, MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016, CBEX sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Nínú ti MMM àti CBEX, kò sí olè tí ó fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Àwa fúnra wa ni a gbé owó fún wọn, nítorí èrè tí kò sí oko tí ó lè hù ú.

Ewu tí ó kù ni èyí tí ó gbé ọmọ mi wá sí ilé mi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, Gerald Cotten, ọmọ Kánádà tí ó ni ilé pàṣípààrọ̀ QuadrigaCX, kú ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n ní òun nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣí ibi tí owó àwọn oníbàárà wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúró níwájú ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé inú ìkòkò ti ṣófo tipẹ́. Àjọ tí ń mójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ontario sọ ní ọdún 2020 pé jìbìtì ni ọkùnrin náà ṣe. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun nìkan ni ó mọ̀ lè kú mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ní òun nìkan ni ó mọ̀ sì lè máa fi ìmọ̀ náà bo òfìfo.

Mo ronú títí, mo sì rí i pé ohun kan náà ni ìtàn wa ń sọ. Owó tuntun yìí ti gbé wa padà sí ìdí ìkòkò ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní owó, òtítọ́ sì ni. Ère Idia jẹ́rìí sí i, báńkì ọdún 1998 jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ìdajì kejì ni pé ẹni tí ó dá kọ́kọ́rọ́ mú kò ní owó náà kọjá èémí kan ṣoṣo tí ó wà ní imú rẹ̀. Ohun tí èsúsú mọ̀, tí alájọ mọ̀, tí ẹgbẹ́ bàbá mi mọ̀, ni pé ènìyàn ni àpótí tí ó dára jù, bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, tí ẹnìkan nínú wọn kò sì lè dá nǹkan ṣe.

Mo pe ọmọ náà padà. Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé pípín tí ó pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì kò dára. Bí ikán bá jẹ ìdajì kan, odidi ti sọnù. Ẹni tí ó bá sì ti jí mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù jìnnà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun tí ó mọ iṣẹ́ náà ti bá òun wí bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ ìtàn àpótí alágàádágodo mẹ́ta fún un, pẹ̀lú akọ̀wé tí ó lọ sí Kútọnu. Ojú rẹ̀ là. Ó ní ètò kan wà nínú owó wọn tí ó dà bí àpótí náà, tí kò sì ní àléébù rẹ̀: a lè ṣe kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, kí èyíkéyìí méjì nínú wọn tó láti ṣí i. Bí ẹnìkan bá lọ sí Kútọnu, tàbí bí ẹnìkan bá kú, méjì yòókù yóò ṣí i. Bí olè bá gba ọ̀kan, òfo ni ó gbà.

Ohun tí a ṣe nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀dà ìwé tí ó júwe bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so pọ̀ wà lọ́dọ̀ olúkúlùkù wa, nítorí láìsí i, kọ́kọ́rọ́ méjì kò ní mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí. Ó lọ sí Ìlaròó, ó sì gba ọ̀rọ̀ mẹ́fà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Orúkọ ènìyàn méjì ni ó fi rọ́pò wọn, ní èdè tí ìyá gbọ́, tí ikán kò sì lè jẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó mú kọ́kọ́rọ́ tèmi wá, mo pe ìyàwó mi jókòó. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ ń gbé, n kò sì tíì sọ ibi tí ìwé ilé wa wà fún un rí, tàbí báńkì mélòó ni mo ní owó sí. Bí mo ti ń ka ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà sí ọmọ ọlọ́mọ létí, èmi náà ní ìkòkò tèmi nílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì fi ibi tí mo tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọmọ náà sí hàn án. Ẹ̀yin òǹkàwé mi yóò forí jì mí bí n kò bá kọ ibẹ̀ sínú ìwé yìí.